Ọjọ́ Tí Ara Bá Yá Ni Kí Ẹ Ṣọ́ra Jù: Bí A Ṣe Ń Wọn Okun, Oúnjẹ àti Họ́mọ̀nù Pẹ̀lú Fibromyalgia

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìparí ọdún ni ìkórè wa: aṣọ ẹbí ìgbéyàwó, aṣọ òkú àgbà, aṣọ Kérésìmesì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo fi ń jí pẹ̀lú ara ríro, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara fúyẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní kí n fi ọjọ́ ire yìí san gbèsè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti máṣíìnì, láti aago méje àárọ̀ di mọ́kànlá alẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ife omi lásán wúwo lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló bá mi parí aṣọ, oníbàárà méjì sì kó tiwọn lọ fún ẹlòmíì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín: nínú fibromyalgia, àìsàn tó ń mú gbogbo ara roni fún ọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ tí ara bá yá ló ń ba ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí ara ń ro wá, tipátipá la máa sinmi. Ọjọ́ tí ara yá la máa ń ná ohun tí a ò ní. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí fi dá lórí ìwọ̀n. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa rí ara yín níbẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́

Fibromyalgia kì í ṣe àrọmọléegun. Kì í jẹ egungun, kì í sì í mú oríkèé wú. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gba ìròyìn ìrora sódì: ohun tó jẹ́ ìfọwọ́kàn lásán, ara á kà á sí ẹgba. Ìrora náà máa ń wà lọ́tùn-ún àti lósì, lókè ìbàdí àti nísàlẹ̀ rẹ̀, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárẹ̀ á wà pẹ̀lú ẹ̀, oorun á wà tí a máa sùn tí a ò sì ní rí ìsinmi nínú ẹ̀, ìgbàgbé náà á sì wà: ẹ wọ yàrá, ẹ dúró, ẹ ò mọ ohun tí ẹ wá mú. Obìnrin ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọkùnrin náà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà onímọ̀ oríkèé ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa tẹ ojúkò 18 lára aláìsàn, pé tí 11 bá dùn ún, òun nìyẹn. Láti 2010 ni wọ́n ti jẹ́ kó ṣeé ṣe láìtẹ ojúkò kankan. Wọ́n á béèrè ibi tí ó ń dunni, bí oorun ṣe rí, bí àárẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ṣe wà láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ló fara jọ ọ́ tàbí tó wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ESR (tó ń fi hàn bóyá ara ń wú nínú), ṣúgà, thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọ̀fun (TSH ni orúkọ àyẹ̀wò náà), àti vitamin D. Tí ẹ ò bá mọ genotype yín, ẹ ṣe é, nítorí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń wọ egungun.

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù fún títí tó fi sú wa. Ara ń ro mí, ó rẹ̀ mí: ibà ni. Ó tún dé lóṣù tó tẹ̀ lé e: ibà ni. Tí wọ́n bá ti tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mẹta tí ìrora ò sì lọ, ẹ má gba ìkẹrin láìṣe àyẹ̀wò tó péye. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn àti LASUTH n'Íkẹjà ní dókítà tó mọ̀ nípa oríkèé àti iṣan. Ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ wọn.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dà mọ́ fibromyalgia láé: ara gbígbóná tí kò lọ, oríkèé tó wú tó sì pọ́n, rírù tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó kọṣẹ́ lójijì, àyà dídùn, àìlè mú ìtọ̀ dúró. Ilé ìwòsàn ni ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ ra ìwé kan

Ìwé ọmọ iléèwé lásán ti tó. Lálálẹ́ kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun márùn-ún: wákàtí tí ẹ sùn, ìrora láti 0 dé 10, iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ jẹ àti àkókò tí ẹ jẹ ẹ́, àti ọjọ́ kelòó tí ẹ wà látìgbà tí nǹkan oṣù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ìṣẹ́jú méjì ni. Àwa tí ọpọlọ ń gbàgbé ò lè fi orí wa ṣe ìwé.

Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́bi pé kò wúlò. Oṣù kejì ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ti ń bínú sí ìrẹsì, mo ní ìrẹsì ló ń mú kí ara máa ro mí lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni mo máa ń dúró ṣe oúnjẹ fún gbogbo ilé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì máa ń sùn lẹ́yìn aago méjìlá òru. Ìrẹsì ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

3. Ẹ wọn omi inú àmù

Nílé ìyá àgbà mi, àárọ̀ ni wọ́n ń pọn omi kún àmù. Ẹni tó bá fi gbogbo ẹ̀ fọ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òùngbẹ ló máa fi sùn. Bẹ́ẹ̀ ni okun wa. Ti aládùúgbò kún dé ẹnu, tiwa ò ju ìdajì lọ, kò sì sí ẹni tó máa pọn sí i fún wa lọ́sàn-án.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ mú iṣẹ́ kan, bíi aṣọ rírán, ìgbálẹ̀, tàbí ìdúró nídìí ààrò. Ẹ wo inú ìwé yín ìṣẹ́jú mélòó tí ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ tí ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá, tí ọjọ́ kejì ò sì ní bàjẹ́. Ẹ dín díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ìyẹn ni ìwọ̀n yín. Tèmi lórí máṣíìnì jẹ́ ìṣẹ́jú 25. Mo máa ń fi fóònù dá aago sí i. Tó bá ti dún, màá dìde, màá na apá, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá jókòó sórí àga tó ṣeé fara tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń dìde kódà tó bá ku ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta kí apá aṣọ parí.

Ibi tó le nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á: *ọjọ́ tí ara bá yá, ìṣẹ́jú 25 náà ni.* Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ara dúró bákan náà, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kún un. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọdún kan ni mo fi rìn láti 25 dé 40.

Ẹ sinmi kí ó tó rẹ̀ yín. Ẹ jókòó já ẹ̀fọ́, ẹ jókòó lọ aṣọ. Ẹ pín ọjà rírà sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi ẹrù fún alábàárù. Tó bá jẹ́ òde ló wà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi Jímọ̀ àti Àìkú sílẹ̀ fún ara, kí ẹ sì mú ọ̀kan: ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ lọ síbi àríyá. Ẹni tó fẹ́ràn yín á gbà pé ẹ yọjú.

Ẹ má sì tìtorí èyí jókòó sójú kan o. Nínú gbogbo ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbé yẹ̀ wò nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2017, eré ìmárale nìkan ni wọ́n fi gbogbo ẹnu sọ pé kí gbogbo wa ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan, ní bàtà tó rọ̀. Ara lè ro yín díẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá kọjá bó ṣe yẹ, ẹ padà sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ má jáwọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

4. Nǹkan oṣù, ìgbà tó bá dá, àti àwọn họ́mọ̀nù yòókù

Họ́mọ̀nù ni àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ káàkiri ara. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n lè tọ́ka sí pé òun ló fa fibromyalgia. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ta tíì tàbí oògùn tí yóò "tún họ́mọ̀nù yín tò" fún yín, ẹ fi owó yín sápò. Ṣùgbọ́n àwọn họ́mọ̀nù máa ń yí bí ìrora ṣe rí padà, ẹni tó bá sì mọ àsìkò wọn lè múra sílẹ̀.

*Nǹkan oṣù.* Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí nǹkan oṣù tó dé, estrogen àti progesterone, họ́mọ̀nù obìnrin méjì, máa ń já wálẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìrora, orí fífọ́ àti àìróorunsùn máa ń le fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìwé yín á fi ọjọ́ náà hàn. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má gba iṣẹ́ ńlá sí i. Èmi kì í fún oníbàárà ní ọjọ́ tó bọ́ sí ọjọ́ márùn-ún yẹn mọ́. Mo ń gé aṣọ sílẹ̀ ṣáájú, mo sì ń fi lílẹ bọ́tìnnì àti iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké sí àárín ẹ̀.

Tí nǹkan oṣù bá ń pọ̀ jù, tí ẹ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí-wákàtí, tàbí tí ó ń dà ní dìndì, ẹ má sọ pé fibromyalgia ló ń rẹ̀ yín. Ìju (fibroid) wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù sì ń kó iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ. Àárẹ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣeé wò. Ó dùn mí pé mo fi ọdún kan àbọ̀ ru irú àárẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi.

*Nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dá.* Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin. Ooru á dé lójijì, òógùn á bo ara, ẹ ó jí láàárín òru, oorun á sì ṣẹ́. Oorun tó ṣẹ́ ló ń gbé ìrora dìde láàárọ̀. Ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́ sùn, ẹ gbé omi tútù sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Tó bá le, ìtọ́jú wà: ẹ sọ fún dókítà, á wo bí ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ìtàn àìsàn ìdílé yín ṣe rí, kí ó tó sọ bóyá oògùn họ́mọ̀nù bá yín mu. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí náà láìsọ fún ẹni tó ń tọ́jú ìrora yín.

*Thyroid*, tó wà níwájú ọ̀fun. Tí iṣẹ́ rẹ̀ bá falẹ̀, ara á máa ro, á máa rẹni, òtútù á máa múni, ìgbẹ́ á le, ara á sì máa sanra. Ó jọ fibromyalgia débi pé èèyàn lè ní méjèèjì kó má mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣe TSH.

*Àwọn họ́mọ̀nù oorun.* Cortisol ló ń ta wá jí. Ó máa ń pọ̀ láàárọ̀, á sì máa dín kù bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Melatonin ní tiẹ̀ ń dé nígbà tí òkùnkùn bá dé. Nínú oorun àsùnwọra ni ara ti ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mọ̀nù tó ń tún iṣan ṣe. Nítorí náà, ẹ dìde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kódà lẹ́yìn òru burúkú. Ẹ jáde síta kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kan ojú yín. Lálẹ́, ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀, kí ẹ pa fóònù tì ní wákàtí kan kí ẹ tó sùn. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti ẹ̀fọn ò ní jẹ́ kó rọrùn. Òwú létí àti àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo fi ń bá wọn jà.

5. Nínú ìkòkò ọbẹ̀

Kò sí oúnjẹ tó ń wo fibromyalgia sàn. Mo ti rí ẹni tó yọ búrẹ́dì, wàrà, ẹran, ìrẹsì àti epo kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìrora ò lọ, tí ara rẹ̀ wá gbẹ bí igi. Ohun tí oúnjẹ lè ṣe ni pé kó má jẹ́ kí okun já wálẹ̀ lọ́sàn-án, kó sì dín ohun tó ń da oorun rú kù.

Ọ̀ṣẹ́ tó tóbi jù nínú oúnjẹ wa ni òkèlè ńlá lórí ọbẹ̀ kékeré. Èbà tó tó orí ọmọ lọ́sàn-án, ẹ ó sùn lọ lórí iṣẹ́, ẹ ó sì jí pẹ̀lú ara tó wúwo. Ẹ yí i padà: òkèlè tó ìkúùkù yín, ẹ̀fọ́ kún ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá jẹun. Ẹja Titus àti ṣáwá ní epo omega-3. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti gbúre náà dára. Láàárọ̀, ògì nìkan ò ní pẹ́ nínú. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin tì í. Tí ẹ̀jẹ̀ yín ò bá tó, ẹ jẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀fọ́, kí ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba iron dáadáa.

Inú ọ̀pọ̀ wa máa ń wú, á máa rú, ìgbẹ́ á le lónìí, á ṣàn lọ́la. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà lè dá kún un. Kí ẹ tó lé ẹ̀wà jáde nílé, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ da omi ẹ̀ nù, tàbí kí ẹ jẹ ẹ́ ní mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Tí ẹ bá fura sí oúnjẹ kan, òun nìkan ni kí ẹ yọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ dá a padà, kí ẹ wo ìwé yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú magí àti Àjínómotò: ìwádìí kéékèèké kan ní yíyọ wọ́n kúrò ran àwọn kan lọ́wọ́, òmíràn ní kò ṣe nǹkan kan. Irú àti edé kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ tẹ́ ṣáá.

Obì, kọfí, tíì àti ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára: kí wọ́n má kọjá ọ̀sán. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káféènì tí ẹ jẹ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọtí líle àti páragà lè kun yín lóorun, ṣùgbọ́n wọ́n á jí yín lóru.

Vitamin D ńkọ́? Oòrùn pọ̀ nílẹ̀ wa lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tó ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ bíi tèmi lè má ní in tó. Tí àyẹ̀wò bá ní ó kéré, ẹ lo èyí tí dókítà kọ. Ẹ má dá a mu púpọ̀, ó lè di májèlé.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, yálà Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kó kọ́kọ́ béèrè bí yóò ṣe yí àkókò oògùn rẹ̀ padà. Kó sì dín iṣẹ́ kù lọ́sàn-án.

6. Oògùn

Amitriptyline kékeré lálẹ́, mílígíráàmù 10 sí 25, ló ń jẹ́ kí èmi sùn. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fọwọ́ sí pregabalin fún àìsàn yìí ní 2007, wọ́n fọwọ́ sí duloxetine ní 2008. Wọ́n ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn míì kò rí nǹkan kan gbà nínú wọn. Dókítà ló ń kọ wọ́n, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá wọn dúró lójijì. Paracetamol àti ibuprofen kì í sábà ṣe púpọ̀ fún un, tramadol sì ń di bárakú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àpòpọ̀ oògùn inú ọ̀rá tí àwọn kẹ́míìsì kan ń ta fún "ara ríro". Prednisolone tàbí dexamethasone máa ń wà nínú irú ẹ̀. Ọmọ ìyá cortisol ni wọ́n, wọn kì í wo fibromyalgia. Tí a bá ń lò wọ́n pẹ́, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, egungun á di ẹlẹgẹ́, ara á sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe cortisol tirẹ̀, débi pé dídá a dúró lójijì lè pa èèyàn. Tí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ fún dókítà kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu fún un náà, kó má baà kọ ohun tó máa bá a jà.

7. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé

Ìrora yìí ò hàn. Ojú ń dán, aṣọ mọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wá, tàbí pé ayé ló ń ṣe wá. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ṣubú kí ẹ tó ṣàlàyé. Ẹ mú ọjọ́ tí ara yá, ẹ pe ọkọ tàbí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ fi ìwé hàn wọ́n. Kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá Tóbi, ẹ bá mi máa gbé omi ìwẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí n padà sídìí máṣíìnì lẹ́yìn aago mẹ́fà, kódà tí mo bá ní ara mi le." Ó ń ṣe é. Nígbà míì mo máa ń bínú sí i, nítorí pé lóòótọ́ ara mi le lọ́jọ́ náà. Á wulẹ̀ yọ wáyà máṣíìnì kúrò lára iná, á sì gbé e pamọ́ sínú yàrá.